Thomas Hardy, Akọ̀tàn àti Akéwì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òtítọ́ òwe yìí hàn gbangba nínú ìgbésí ayé Thomas Hardy, ọmọ mọlémọlé tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ewì ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1840 ni a bí i ní Higher Bockhampton, abúlé kékeré kan lẹ́bàá ìlú Dorchester, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní nígbà tí ó wáyé, wọ́n rò pé òkú ọmọ ni, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí agbẹ̀bí tó rí i pé ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀. Baba rẹ̀ a máa fi òkúta mọlé, a sì máa ta gòjé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ìwé kíkà púpọ̀. Láti ọwọ́ baba ni ó ti kọ́ orin, láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ìfẹ́ ìwé ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ayàwòrán ilé kan ní Dorchester láti kọ́ṣẹ́. Kò sí owó tí yóò fi lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ní ìdájí, kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́, ni ó máa ń jí ka ìwé Látìn àti ti Gíríìkì. Ní ọdún 1862, ó lọ ṣiṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì, ṣùgbọ́n àwọn olóòtú ìwé kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ó padà sí ilé ní ọdún 1867.

Nígbà náà ni ó yí ọwọ́ padà sí ìtàn àròsọ. Àwọn atẹ̀wé kọ ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì jáde títí di òní. Nítorí èkejì, tí ó jáde ní ọdún 1871, òun fúnra rẹ̀ ni ó san pọ́n-ùn 75 fún atẹ̀wé. Ìwé ìròyìn kan bu ìtàn náà lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Hardy fi jókòó lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ tí ó kà á, tí ó ń rò pé ikú ì bá sàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣubú, dídìde ni à ń dìde. Ó tún kọ òmíràn, ó sì tún kọ òmíràn. Nígbà tí Far from the Madding Crowd jáde ní ọdún 1874, ilé gbà á, ọ̀nà gbà á. Ó sì fi iṣẹ́ yíya àwòrán ilé sílẹ̀.

Agbègbè tí a gbé bí i ni ó fi ṣe ibùdó àwọn ìtàn rẹ̀, ó sì fi orúkọ ìjọba àtijọ́ kan pè é, èyí ni Wessex. Àwọn àgbẹ̀, darandaran àti agbẹ́kùúta ni ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Tess, tí ó jáde ní ọdún 1891, dá lórí ọmọbìnrin tálákà kan tí ọkùnrin ọlọ́rọ̀ bà jẹ́, tí aráyé sì di gbogbo ẹ̀bi rù. Jude, tí ó jáde ní ọdún 1895, sọ nípa agbẹ́kùúta kan tí ń fi òru kàwé, ṣùgbọ́n tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí ìwé yìí nítorí ohun tí ó wí nípa ìgbéyàwó àti ẹ̀sìn. Bíṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ kéde pé òun ti ju tòun sínú iná.

Hardy kò bá wọn jà. Ó pa ìtàn àròsọ tì, ó sì padà sídìí ewì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1898. Láàárín ọdún 1904 sí 1908, ó tẹ The Dynasts jáde ní apá mẹ́ta. Eré onítàn tí a fi ewì kọ ni, ó dá lórí ogun Napoleon. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kíkà ni ó kọ ọ́ fún, síbẹ̀ wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1914.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dùn ún jù gbogbo ẹ̀gàn lọ. Ní ọdún 1870, nígbà tí ó lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fẹ́ tún kọ́ ní Cornwall, ni ó pàdé Emma Gifford, tí ó fẹ́ ní ọdún 1874. Emma gbà á níyànjú láti máa kọ̀wé nígbà tí ọ̀nà kò tíì là. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìfẹ́ wọn tutù. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé bí àlejò. Emma kú lójijì ní ọdún 1912. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Arúgbó ọkùnrin náà padà lọ sí Cornwall, ó sì kọ àwọn ewì ìrántí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí èyí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún gbéyàwó ní ọdún 1914.

Nígbà tí Hardy kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 1928, ewì rẹ̀ ti lé ní 900. Wọ́n sin eérú òkú rẹ̀ sí Westminster Abbey láàárín àwọn akéwì ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n sin ọkàn rẹ̀ sí Stinsford, nínú ibojì Emma.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkíní ni pé kí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá má ṣe jẹ́ kí ìkọ̀sílẹ̀ dá òun dúró. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ rere tí a ní fún ẹni tí ó fẹ́ràn wa, kí a sọ ọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Ìbéèrè
1. Báwo ni Hardy ṣe ń kàwé nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́?
2. Kí ni ó jọra nínú ayé Hardy àti ti Jude?
3. Kí ni ó mú kí Hardy pa ìtàn àròsọ tì?
4. Ṣàlàyé bí òwe “Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn” ṣe bá ìtàn yìí mu.