Mọ̀dínà tàbí Ìlọrin: Èwo ni kí Ọmọ tí Yóò Kọ́ Ìmọ̀ Òfin Mú?

 

Ẹ̀yin òbí wa ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa ń gbé wá bá wa. Ọmọ parí Sánáwì, ó sì yege ní WAEC. Yunifásítì Ìlọrin gbà á láti kọ́ ìmọ̀ òfin, lẹ́tà sì tún dé láti Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mọ̀dínà pé àyè wà fún un ní ẹ̀ka Ṣàríà. Bàbá ní lọ́yà ni òun fẹ́. Ìyá ní Mọ̀dínà ni òun ti ń tọrọ láti inú oyún. Èwo ni kí wọ́n mú?

Mọ̀dínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ Ṣàríà níbẹ̀, àfi bí Lárúbáwá ọmọ kò bá tíì gún. Ìjọba Sáúdíà ni ó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àti ibùgbé rẹ̀. Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, ń kọ́ òfin ìjọba àti òfin Ìsìláàmù pọ̀ fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà ni Law School. Àpò òbí ni ìyẹn ti ń jáde. Ọ̀fẹ́ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀fẹ́ nìkan yan iṣẹ́ ayé ẹni.

Kí ni ìwé-ẹ̀rí náà lè ṣe nílé? Ẹni tí ó gboyè Ṣàríà ní Mọ̀dínà kò lè fi í rojọ́ ní kóòtù gíga Iléṣà. Ó lè di Kádì, nítorí abala 276 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 gba onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí oyè rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, bí kò tilẹ̀ ṣe lọ́yà, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ibi tí ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n abala 275 ní ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ ni yóò ní Kóòtù Ṣàríà Kòtẹ́milọ́rùn. Kúwárà ní i. Ọ̀ṣun kò ní i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ogún. Suberu Dawodu kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì bímọ fún un. Ọmọ mẹ́sàn-án ni. Ẹjọ́ ogún rẹ̀, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Dawodu àti Danmole, dé Privy Council ní London ní 1962. Ìdí-igi ni wọ́n ní kí wọ́n fi pín in, ọ̀nà mẹ́rin, kì í ṣe orí-ò-jorí. Kò sí ìdámẹ́jọ àwọn opó níbẹ̀, kò sì sí ìpín ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin bí Súúrà Nisáí ti là á sílẹ̀. Bí bàbá Òṣómàáló kan bá kú lónìí tí ó fi ilé mẹ́ta sílẹ̀ ní Iléṣà, ààfáà Mọ̀dínà mọ ogún náà pín títí dé kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹbí bá gbé e lọ sí kóòtù, àga òǹwòran ni yóò jókòó sí, àyàfi bí wọ́n bá pè é jẹ́rìí. Lọ́yà tí kò kọ́ ju òfin ìjọba lè dúró, ṣùgbọ́n ìdí-igi ni yóò kọ́kọ́ rántí. Ẹni tí ó kọ́ méjèèjì ni yóò ti bá bàbá kọ ìwé ìhágún nígbà ayé rẹ̀ pé Al-Kùránì ni kí wọ́n fi pín ogún òun, tí yóò sì lè gbèjà ìwé náà níwájú adájọ́.

Nítorí náà, ọmọ tí yóò padà wá gbé àárín wa, tí ọkàn rẹ̀ sì wà nínú ẹjọ́ rírò, Ìlọrin ni àwa yóò ní kí ó mú. Ẹni tí ìkọ́ni àti fátíwà wù, kí ó máa lọ sí Mọ̀dínà. A kò ní dì í lọ́wọ́.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé kò lè ṣe méjèèjì ní ìtẹ̀léra. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n Mọ̀dínà kì í gba ẹni tí ó ti ju ọdún 25 lọ sí oyè àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 18 tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí Mọ̀dínà ṣì lè padà wá ṣe JAMB. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin, tí ìyanṣẹ́lódì sì dá a dúró lọ́nà, ọjọ́ orí lè lé e kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ Sánáwì tí ẹ ń ka èyí, ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ni kò ní gbà yín sí ìmọ̀ òfin láìsí kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Literature. Ìwé Literature yẹn ni ẹ máa ń sá fún jù.