Ẹ̀kọ́ lórí Òfin Kẹta àti Òfin Kẹrin: Ọjọ́ Olúwa àti Àwọn Ará Ilé Wa

Ìbéèrè: Kí ni Òfin Kẹta béèrè lọ́wọ́ wa?
Ìdáhùn: Ó béèrè pé kí á ya ọjọ́ Olúwa sí mímọ́.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, ẹ ti mọ ìdáhùn yìí lórí, ẹ sì mọ̀ pé Mísà ni ó ṣáájú ohun gbogbo ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó kù lẹ́yìn Mísà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992 ka àkókò tí a bá lò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa mọ́ ohun tí ń ya ọjọ́ Olúwa sí mímọ́ (ìpín 2186). Òfin Kẹta àti Òfin Kẹrin, tí ó ní kí á bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa, pàdé níbẹ̀.

A mọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ. Bàbá ti gun alùpùpù jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ tí ó wà ní Kútọnu ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní Kétu. Owó náà dára, ìyá àgbà yóò fi ra oògùn, ṣùgbọ́n owó kò lè jókòó tì í.

Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí 7, ẹsẹ 9 sí 13, Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí pé wọ́n gbà kí ènìyàn pe ohun ìní rẹ̀ ní Kọ́bánì, èyíinì ni ọrẹ fún Ọlọ́run, kí ó má baà fi ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, wákàtí ni a sábà máa ń sọ di Kọ́bánì. Ẹlòmíràn a ti Mísà lọ sí ìdánrawò orin, a ti ibẹ̀ lọ sí ìpàdé, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò rí bàbá rẹ̀ láti ìgbà òjò. (Ẹgbẹ́ akọrin dára o! A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ Mùsùlùmí tàbí olórìṣà jù. Ní Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀ẹ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ń wí pé, “Ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa.” Lóòótọ́, ẹ kò lè bá wọn rúbọ, Òfin Kìíní kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá wọn lọ sí oko, ẹ lè wẹ aláìsàn, ẹ lè jókòó gbọ́ ìtàn ìdílé yín. Òfin Kẹrin kò sọ pé bàbá tí ó jẹ́ Kristẹni nìkan ni kí á bọ̀wọ̀ fún.

Ṣé Jésù kò wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn bàbá tàbí ìyá ju òun lọ kò yẹ ní tòun? Ó wí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o kọ̀ ọ́ sílẹ̀, òun ni kí o yàn. Àmọ́ bàbá tí ó kàn fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ kò béèrè èyí.

Kí ẹ tó padà wá fún ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yan ẹbí kan tí kò tíì rí láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó lọ kí i lẹ́yìn Mísà, kí ó má sì ṣe kánjú dìde. Ẹni tí ìjà bá wà láàárín òun àti ẹbí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.