Ẹ̀KỌ́: ARÁBÌNRIN TÍ WỌ́N Ń LÙ NÍLÉ
Bíbélì kíkà: Kólósè 3:19

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, bí arábìnrin kan bá gbé ojú wíwú wá sí ìpàdé, "ṣe sùúrù" nìkan ni a sábà máa ń wí. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n kì í wo ọgbẹ́ sàn. Ní 2021, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin lòdì sí ìwà ipá, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015: ọkọ tó lu aya rẹ̀ ti rú òfin.

Nítorí náà, láti Èjìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kí ẹni méjì nínú wa bá a lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n tọ́jú ìwé dókítà, kí wọ́n sì bá a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, a máa gbèjà obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ta ni a ti dá padà sínú ìyà rí?