Lẹ́yìn Ogójì Ọjọ́ Ńkọ́?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà: Róòmù 5:6-11*

 

Ọ̀rọ̀ tàárọ̀ yìí, inú ilé ló ń lọ. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ta ló ti sú yín nínú ẹbí yín? Ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣáà fi í sọ́kàn bá a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo fíìmù Fireproof, èyí tí ìjọ Sherwood Baptist nílùú Albany, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2008. Ọ̀gá panápaná ni Caleb. Níta, akọni ni, á wọ inú iná lọ yọ ọmọ ọlọ́mọ. Nílé, igbe ló fi ń bá Catherine ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń wo ìwòkuwò lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń tọ́jú owó pa mọ́ láti fi ra ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe ń wá bẹ́ẹ̀dì àti àga onítáyà. Lọ́dún keje ìgbéyàwó wọn, ọ̀rọ̀ di ká kọ ara wa.

Bàbá Caleb bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ogójì ọjọ́. Ó fi ìwé kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí i, iṣẹ́ ìfẹ́ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Caleb bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ayé ló ń ṣe. Ó po kọfí, ìyàwó ò mu ún. Ó ra òdòdó tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ìyàwó ò ka òdòdó sí. Ló bá bi bàbá rẹ̀ pé báwo lèèyàn ṣe lè máa fẹ́ràn ẹni tó ń ta ìfẹ́ rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Bàbá fara ti àgbélébùú onígi kan tó wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú Caleb là: ohun tí ìyàwó ń ṣe sí òun, òun náà ló ń ṣe sí Ọlọ́run.

Àtìgbà yẹn ni nǹkan ti yí padà. Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde, ó fọ́ ọ túútúú. Dọ́là 24,000 tó ti tọ́jú fún ọkọ̀ ojú omi, ó fi ra bẹ́ẹ̀dì àti àga fún ìyá ìyàwó rẹ̀, kò sì sọ ọ́. Catherine rò pé dókítà kan tó ń fa ojú òun mọ́ra ló san án, bẹ́ẹ̀ dọ́là 300 péré ni dókítà dá.

Nígbà tó yá, àìsàn dá Catherine dùbúlẹ̀, Caleb ń tọ́jú rẹ̀. Ó bi Caleb pé ọjọ́ kelòó ló kàn nínú ìwé yẹn. Ọjọ́ kẹtàlélógójì ni! Ìwé ti parí, Caleb ò dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ará, àwa ń kà. "Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta." "Èmi ni mo pè é kẹ́yìn." Ẹni tó bá ń ka iye ìgbà tó ṣe oore, èrè ló ń dúró dè. Ọlọ́run ò dúró kí á kọ́kọ́ tún ìwà wa ṣe kó tó wá wa wá. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nínú Bíbélì kíkà wa nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀kan. Caleb kì í ka ìyá rẹ̀ sí. Bí ìyá bá ti lanu, á kanra mọ́ ọn. Ó rò pé bàbá òun ló fi ogójì ọjọ́ yẹn tún ilé wọn ṣe. Ìgbẹ̀yìn ni bàbá jẹ́wọ́ pé ìyá ló ṣe é fún òun. Caleb fi ẹkún sáré lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń pè ní oníwàhálà nínú ẹbí yín, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe sùúrù rẹ̀ ló gbé ilé yẹn ró?

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, mi ò ní kó jókòó síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ kúrò, kó sì sọ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìdáríjì ò ní ká kú síbẹ̀.

Fún àwa yòókù, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Fíìmù ò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Tiyín lè gba ọdún.

*Iṣẹ́ tòní:* Ẹni tí ẹ fi sọ́kàn yẹn, ẹ ṣe oore kan fún un lónìí. Ẹ má sọ ọ́, ẹ má sì kà á.

*Àdúrà:* Bàbá, o ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi sú ọ. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé mi sú mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.