Ṣé a máa balẹ̀ ká tún gbéra ni?

Ìbéèrè: Èmi àti ọmọ mi jọ ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Ó ku díẹ̀ ká dé Ìkẹjà ni awakọ̀ bàálù bá kéde pé: "We will be landing momentarily." Àyà mi já. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tíṣà wa ní Yaba pe ìtumọ̀ "momentarily." Ṣé a máa fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ká tún gbéra ni? Ọmọ mi ní láìpẹ́ ló túmọ̀ sí, pé mò ń da ara mi láàmú lásán. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?
Ìyá kan, Surulere

Ìdáhùn: Ẹ kú àbọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ yìí ti rú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú lójú rí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá bí nǹkan ṣe máa pẹ́ tó ló ń sọ, àbí ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀. Ó ń sọ méjèèjì. Ọmọ yín jàre lórí ohun tí awakọ̀ ní lọ́kàn, ẹ̀yin náà sì jàre lórí ohun tí wọ́n kọ́ yín.

Ìtumọ̀ tó pẹ́ jù ni tíṣà yín fi hàn yín, òun náà sì ni àwọn ará Ìlú Ọba ṣì ń lò jù: kí nǹkan ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú akàn, kó sì tán. Bí iná bá lọ pẹ́ẹ́ ní Mushin, tó sì dé kí ẹnikẹ́ni tó dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ lè wí pé "The light went off momentarily." Bó bá di ọjọ́ kejì kó tó dé, ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ìtumọ̀ kejì di ohun tó wọ́pọ̀: láìpẹ́, ó kù díẹ̀. Àwọn kan níbẹ̀ pàápàá ń ráhùn sí i, àmọ́ ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ń sọ? Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, bíi "He stopped momentarily," bó ṣe pẹ́ tó ni wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ ohun tó ń bọ̀, tí "will" wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ ará Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀, láìpẹ́ ló máa ń jẹ́ jù. Bí nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà bá ní "The doctor will see you momentarily," kò sọ pé dókítà máa wò yín fìrí, kó sì lé yín jáde.

Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ "temporarily" o. Ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, bó bá ṣáà ti lópin. Nígbà tí ìjọba ti apá kan afárá Third Mainland fún àtúnṣe ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2020, oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá. "Temporarily" bá a mu. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní "momentarily," kó lọ wí i létí àwọn awakọ̀ tó há sí Adékúnlé lẹ́bàá afárá náà nígbà yẹn.

Bí ọmọ kan bá ń múra ìdánwò WAEC lọ́dọ̀ yín, ìtumọ̀ ti tíṣà yín ni kó dì mú. Bó bá fẹ́ sọ pé láìpẹ́, kó kọ "shortly."