Ẹfun Sísun fún Rírẹ́ Ògiri Ilé Alámọ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó ti fi owó púpọ̀ ra símẹ́ńtì láti fi rẹ́ ògiri amọ̀, pẹ̀lú èrò pé ilé náà yóò pẹ́ títí. Nígbà tí òjò bá rọ̀ fún ọdún mélòó kan, símẹ́ńtì a sán, a sì máa já lulẹ̀. A ó wá rí i pé amọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀, àti lórí ẹfun sísun tí a lè lò dípò símẹ́ńtì.

ÌDÍ TÍ SÍMẸ́ŃTÌ FI Ń JÁ

Amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀ àti láti ara òjò. Bí ó bá tutù, a wú. Bí ó bá gbẹ, a súnkì. Símẹ́ńtì le púpọ̀, kò sì lè bá amọ̀ wú tàbí kí ó bá a súnkì. Nítorí náà ni ó ṣe ń sán. Omi a gba ojú ibi tí ó sán wọlé, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde, nítorí pé símẹ́ńtì ti bo ojú ògiri. Ìsàlẹ̀ ògiri a máa rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, títí yóò fi wó. Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé amọ̀ àtijọ́ ní Devon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ wọn. Ẹfun ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹfun kò le tó símẹ́ńtì, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri jáde.

OHUN TÍ Ẹ̀FUN SÍSUN JẸ́

Kí a má ṣe ṣì í mú fún amọ̀ funfun tí a fi ń kun ògiri, tí a sì ń pè ní ẹfun. Amọ̀ funfun kì í le bí òkúta. Òkúta ẹfun ni a ń sun, irú èyí tí ó wà ní Ewékorò àti Ṣàgámù, tí a fi ń ṣe símẹ́ńtì. Nínú iná ìléru tí ó gbóná tó ìwọ̀n 900 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ kan a jáde kúrò nínú òkúta náà, irú èyí tí ènìyàn ń mí síta. Nínú 100 pọ́n-ùn òkúta tí kò lábùlà, nǹkan bí 56 ni yóò kù. Bí a bá pò ó mọ́ omi tí a sì fi rẹ́ ògiri, yóò máa fa afẹ́fẹ́ náà padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún di òkúta. Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè le.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

1. Kí a kọ́kọ́ bu omi sínú dúrọ́ọ̀mù irin, kí a tó máa fi ẹfun sí i díẹ̀díẹ̀. Kí a má ṣe da omi lé ẹfun lórí, nítorí pé yóò hó, yóò sì ta sí ènìyàn lára. Kí a fi í sílẹ̀ nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

2. Òṣùwọ̀n ẹfun kan sí òṣùwọ̀n iyanrìn mẹ́ta tí kò ní amọ̀ nínú. Vitruvius ará Róòmù ti kọ òṣùwọ̀n yìí sílẹ̀ fún iyanrìn inú ilẹ̀ ní ohun tí ó ju 2,000 ọdún sẹ́yìn lọ.

3. Kí a wọ́n omi sí ògiri kí a tó rẹ́ ẹ. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ṣe nípọn ju ìdajì íńṣì lọ. Kí a ha ojú ìpele kìn-ín-ní, kí èkejì lè dì mọ́ ọn, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn.

4. Kí a fi àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Bí ó bá tètè gbẹ, yóò máa hó bí ìyẹ̀fun.

ÌKÌLỌ̀

Ẹfun sísun a máa jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà wọ ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti gíláàsì tí ó bo ojú. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, kí a máa da omi mímọ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Kò sí ohun rírẹ́ kan tí ó lè gba ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tàbí tí àgbàrá ń gbá ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Bí símẹ́ńtì bá ti wà lára ògiri, kí onílé fi ìka kàn án. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti kúrò lára amọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ògiri bá sì ti rọ̀, kí ó má ṣe dá símẹ́ńtì náà ṣí. Kí ó pe bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀, kí ògiri má bàa wó lu ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ń mú kí símẹ́ńtì sán lára ògiri amọ̀?
2. Èwo ni a kọ́kọ́ ń fi sínú dúrọ́ọ̀mù, omi tàbí ẹfun? Nítorí kí ni?
3. Ilé mélòó ní àdúgbò yín ni símẹ́ńtì ti ń já lára rẹ̀?