Aspirin Yìí Kì í Ṣe Ti Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Niamey, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Grand Marché àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ súnmọ́ mi. Bí aláìsàn bá ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀dọ̀ yín ni ìtọ́jú rẹ̀ ń já sí. Ẹ̀yin lẹ ń ra oògùn, ẹ̀yin lẹ ń ka ìwé dókítà tí wọ́n fi Faransé kọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ aspirin yìí kí n tó bá àwọn ìyá àti bàbá yín sọ ọ́.

Àìsàn tí mò ń wí ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ. Ojú kan á rọ lára iṣan náà, á yọ síta bíi táyà alùpùpù tó fẹ́ bẹ́. Bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú agbárí, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í yè é. Tẹ́lẹ̀ rí, lílà ni wọ́n sábà máa ń la agbárí kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Ní 1990 ni Guido Guglielmi, dókítà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú iṣan itan wọlé. Ó ń ti páìpù tín-ín-rín gòkè títí dé ọpọlọ, á sì fi wáyà platinum dí ibi tó wú náà. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ṣe àwọ̀n onírin tí wọ́n ń tẹ́ sínú iṣan ọ̀hún gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn tiwa tó nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń rìnrìn àjò kí wọ́n tó rí i ṣe, wọn a sì fi àpò oògùn bọ̀ wálé.

Ìgbà tí wọ́n bá dé gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò ni irin jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń fẹ́ dì mọ́ ọn. Bó bá dì, ó lè dí ọ̀nà, kí rọpárọsẹ̀ sì dé. Díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan, ara á hu awọ tirẹ̀ bo àwọ̀n náà. Aspirin ló ń ṣọ́ ọ̀nà títí awọ yẹn á fi bò ó. Ẹni tí wọ́n tẹ́ àwọ̀n sí lára sábà máa ń lo aspirin pẹ̀lú clopidogrel fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà aspirin nìkan fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé wáyà nìkan ni tirẹ̀ lè má lò ó pẹ́, ó sì lè má lò ó rárá. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé oògùn ará ilé kejì tọ́jú ìyá tiyín.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà ba iṣẹ́ aspirin yìí jẹ́. Èkíní ni kí wọ́n dá a dúró nítorí pé ara ti le. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ láyé. Èyí tí aspirin bá ti mú kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ara ń bí tuntun. Ẹni tó bá fi oògùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti fún àwọn tuntun láyè. Bó bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kó má lo ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì.

Èkejì ni kí wọ́n lò ó lé lórí ara wọn láìmọ̀, nítorí pé orúkọ aspirin pọ̀. Ẹni tó ti Íńdíà dé lè mú Ecosprin bọ̀. Kó dé ilé oògùn ní Niamey, kí wọ́n fún un ní Kardégic. Aspirin ni méjèèjì. Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, tí àwọn èèyàn wa ń gbé kọjá ẹnubodè títí dòní, aspirin pẹ̀lú kafeini ló wà nínú rẹ̀. Màmá tó ti gbé aspirin dókítà mì láàárọ̀, tó tún da Alábùkún sẹ́nu lálẹ́ torí ẹ̀yìn ń dùn ún, ti lò ju ohun tí wọ́n ní kó lò lọ. Ibuprofen náà lè dí aspirin lọ́wọ́, ó sì lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Bí ara bá ń ro ó, ẹ bi dókítà bóyá oògùn ìrora Doliprane á ṣe é.

Ẹ má ra aspirin lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn sínú abọ́ kiri nínú oòrùn. Ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kẹrin níbí ń kọjá ìwọ̀n 40, ooru àti ọ̀rinrin sì ń ba aspirin jẹ́. Ẹ ṣí ìdì rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí Ramadan bá ń bọ̀, ẹ lọ rí dókítà ṣáájú. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lè bọ́ sí ìgbà ìṣínu, lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹnu dókítà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún oníṣègùn eyín, ẹ sọ fún wánzámì tó fẹ́ fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, pé aspirin wà lára ẹni yìí. Ẹ sọ fún dókítà bí ọgbẹ́ inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹlẹ́jẹ̀, ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnu tó wọ́, apá tó kọ iṣẹ́: ìkankan nínú wọn, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Abéèrè kì í ṣìnà. Káàdì tó sọ irú irin tó wà nínú orí aláìsàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, nítorí wọ́n á bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ MRI. Lálẹ́ òní, ẹ da gbogbo oògùn ilé sórí ẹní, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí aspirin bá wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tí dókítà kọ, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ Màmá ti lè tó o.